Eérú Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Nílé ìyá mi ní Òkà, a kì í da eérú nù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà ìyá mi, kó gbé eérú ààrò rẹ̀ lọ sórí ààtàn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà, á ní ó ti lọ, Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eérú kì í bá a ṣeré. Àràárọ̀ ni mo máa ń kó o kí iná tuntun tó jó. Màá fi páànù tí ìpẹtà ti jẹ létí kó o sínú agbada àtijọ́ kan, màá ṣa èédú kúrò, màá sì gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí àpáta Òkà sọ̀ kalẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí n tó dé ilé ìwé, irun orí mi á ti funfun, irun ojú mi á ti funfun, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á sì máa kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí ìyá àgbà. Mo kórìíra eérú nígbà yẹn débi pé mo búra pé nílé ọkọ mi, a ò ní dáná.

Ìyá mi ní òfin tirẹ̀ lórí eérú. Ó gbọ́dọ̀ ti tutù. A kì í dà á mọ́ ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. A máa ń wọ́n ọn yí i ká ni, ní ibi tí apá ènìyàn lè nà dé, nítorí ó ní ẹnu ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí ní ọrùn rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń rán mi lọ, kí òjò lè bá wa gbé e wọlẹ̀. Mo máa ń sáré padà wọlé pẹ̀lú ẹ̀kán òjò lẹ́yìn mi, eérú á sì ti di ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi ló gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wá láti ìlú Ikun, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé náà. Ìyá mi kì í sọ ìtàn yìí láì pòṣé. Ó ní àwọn ọkọ ẹlẹgbẹ́ òun ń ra aṣọ bọ̀ láti ìrìn àjò, tòun ru ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé, tòun ti erùpẹ̀ lọ́rùn. Bàbá mi kò pẹ́ láyé. Mo kéré nígbà tó lọ, bí kì í bá ṣe fọ́tò, mi ò lè sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Bí èyí tó dàgbà bá so tán tí a gé e, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dìde. Ìyá mi tà nínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ó sì ń sun ún lórí ẹyín iná nírọ̀lẹ́, á ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó dúdú kúrò, á fi epo pupa àti iyọ̀ sí i fún mi. Òun alára á máa jẹ ibi tó jó tó ha kúrò. Ó ní ibẹ̀ ló dùn jù. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Olùkọ́ ni mí báyìí, ní Ìkàrẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, àwọn ọmọ tí wọ́n ti pinnu pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ọkọ́ láéláé. Bí mo bá kọ potasíọ̀mù sójú pátákó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní iyọ̀ eérú, ìyá mi pàápàá mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé iyọ̀ yìí ń yọ́ sínú omi ilẹ̀, gbòǹgbò tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sì ń fà á wọlé. Kì í sì í kàn wọlé lásán. Gbòǹgbò ń lo agbára kó tó rí i kó, bí ẹni tó ń pọn omi gun òkè. Tó bá wọlé tán, kì í di igi, kì í di ewé. Inú omi ara ewéko ló ń gbé, ibi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀ ló ń lọ. Òun ló ń ṣí ẹnu kéékèèké tó wà lábẹ́ ewé, òun náà ló ń jẹ́ kí wọ́n padé nígbà tí oòrùn bá le, kí omi ara má baà tán. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró gírígírí nínú ìjì, òun ló ń bá a kó adùn láti inú ewé lọ sínú èso. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kánjúà sí i. Fún un, á gbà. Tún fún un, á tún gbà.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá tó. Ewé àgbà ni yóò kó tirẹ̀ sílẹ̀ fún ewé tuntun. Etí ewé àgbà á pọ́n, á gbẹ, á dàbí bébà tí iná fọwọ́ kàn létí, bẹ́ẹ̀ ni ewé tuntun tó wà lókè á ṣì máa dán. Ẹni tí kò mọ̀ á gbójú sókè, á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Mo máa ń fi ẹgba mi lu pátákó pé kí wọ́n má wo òkè, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Èmi tí mo ń pariwo yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wo òkè.

Èéfín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú ìyá mi ti ń pọ́n, ó ń ṣomi, ó ń wúkọ́ lóru. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn ní kí a ra gáàsì fún un, a sì rà á, pẹ̀lú síléńdà ńlá. Inú wa dùn bí ẹni tó kọ́lé. A sọ ilé ìdáná àtijọ́ di ilé adìẹ. Ìyá mi fọwọ́ tan iná náà, ó fọwọ́ pa á, ó tún tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ní iná yìí ò tiẹ̀ ní eérú. A bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó gbọ́ ohun tó sọ, àfi bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ojú rẹ̀ san lóòótọ́. Ikọ́ náà lọ. Bí mo bá pè é lórí fóònù, dáadáa ló wà, ara rẹ̀ le, ó ti jẹun, kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń gbọ́ràn. Mi ò rántí iye ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá kí ó tó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá mi ti dùbúlẹ̀. Ìjì ti jà lóru, ó sì ti ṣẹ́ èyí tó ru èso sí méjì. Mo gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́, a gba Àkùngbá kọjá. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, ewé ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti ya àwòrán ewé yẹn sójú pátákó láìmọye ìgbà: etí pípọ́n, etí gbígbẹ, gbogbo ewé ìsàlẹ̀ ń jó láìsí iná. Àwọn èso tó wó lulẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo wo ilé ìdáná tí adìẹ ń sùn sí, mo sì mọ ohun tó dé lójú ẹsẹ̀.

Mo yíjú padà láti sọ fún ìyá mi. Ó ti jókòó sórí òkúta tí a máa ń fọ aṣọ lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, bàtà kò wọ̀ wọ́n mọ́, ó fi aṣọ bò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wú. Kò fẹ́ kó wa lọ́kàn sókè.

Mo gbé e wá sí Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Dókítà tó rí i jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó fara balẹ̀, tó ń pè é ní Màmá, tó ń fi ọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní àárẹ̀ ti mú kíndìnrín ìyá mi gan-an. Ó kọ oògùn, ó sì ka àwọn oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ jìnnà sí. Bó ṣe dárúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyá mi gbé orí sókè, ó bi í léèrè ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ṣe òun. Dókítà ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kíndìnrín tó yá gágá máa ń tọ̀ jáde, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò lè tọ̀ ọ́ jáde mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kó jọ sí, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró.

Ìyá mi kọjú sí mi. Ó ní, "Ṣé èyí tó wà nínú eérú ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ni mo sì ń fún un jẹ."

Báyìí ni ìyá mi ṣe di ará Ìkàrẹ́ nígbà ogbó rẹ̀, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọ̀kadà ti pọ̀ jù, omi ibẹ̀ ò dùn, àwọn aládùúgbò ń kíni bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Bí ojú ọ̀run bá ti ń pọ́n ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Òkà. Kò jìnnà. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kò ní tíì gbádùn ìjókòó tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba gbágungbàgun ọ̀nà mọ́, dókítà sì ní kó má kúrò nítòsí. Mo rí i bí àárò ilé ṣe ń sọ ọ́. Kì í sunkún. Á kàn bi mí, bí ẹni tó ń béèrè ará ilé tó ń ṣàìsàn, pé, "Báwo ni wọ́n?" Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń béèrè.

Mo gbìyànjú. Dókítà ti sọ pé bí a bá gé iṣu wẹ́wẹ́, tí a rẹ ẹ́ sínú omi, tí a sè é, tí a da omi náà nù, ohun burúkú yẹn á dín kù. Mo ní kí n dán an wò pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíńtín tí mo rà lọ́jà. Mo rẹ ẹ́, mo sè é, mo da omi rẹ̀ nù, mo tún fi omi mìíràn sè é. Ìyá mi fi ahọ́n kàn án, ó sì gbé àwo náà fún mi padà. Ó ní mo ti fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, pé kì í ṣe ti ọjà lòun ń wá. Ó fẹ́ tọ́ ti ẹ̀yìn ilé òun wò lẹ́ẹ̀kan sí i, sísun, pẹ̀lú epo, kí òun tó lọ bá ẹni tó gbìn ín. Mo padà lọ bá dókítà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe wà, òun ò lè gbà, àní bó ṣe ẹyọ kan. N kò sọ fún ìyá mi. Mo ní kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kọ́kọ́ so ná.

"Fún un lóúnjẹ," ni gbogbo èsì tó fún mi.

Nítorí náà mo di ẹni tó ń wá eérú kiri Ìkàrẹ́. Ilé búrẹ́dì kan wà tí wọ́n ṣì ń fi igi dáná. Inú wọn dùn láti rí ẹni tí yóò bá wọn kó o. Wọ́n bi mí bóyá ọṣẹ dúdú ni mo fẹ́ sè. Mo lè ra ajílẹ̀ tó ní potasíọ̀mù nínú àpò, mo mọ ilé tí wọ́n ti ń tà á. Gbòǹgbò ò mọ ẹni tó fi iyọ̀ ránṣẹ́. Bó ti inú ọ̀rá wá, bó ti inú ààrò wá, bákan náà ló ń gbà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ni ìyá mi ní kí n gbé lọ, eérú ni mo gbé lọ. Ọlọ́kadà tó ń gbé mi bú mi dé Òkà lọ́jọ́ kìíní, nítorí eérú ń jò láti inú àpò sí i lẹ́yìn, aṣọ dúdú ló sì wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ara rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n gun ọ̀kadà rẹ̀.

Mo ń wọ́n ọn yíká, ní ibi tí apá nà dé. Mo sì ń ronú bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ohun kan náà ni mò ń gbé lọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òkà, tí mo sì ń gbé jìnnà sí ìyá mi ní Ìkàrẹ́. Inú ń bí mi sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà mìíràn. Mo máa ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta á.

Ìyá mi gbà pé àwọn ewé tó ti jó létí á tún padà tutù. Ní ibi yìí, òun ló ṣì í. Etí ewé tó ti jó kì í padà. Mo sọ fún un pé ewé tuntun ni ká máa retí. Ó ronú sí i, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó ní kò burú, kí n máa retí ewé tuntun. Ewé tuntun náà sì jáde nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa: ó fẹ̀, ó gùn, kò sí àbàwọ́n létí rẹ̀. Mo yà á ní fọ́tò lórí fóònù mi. Ìyá mi gbé fóònù náà mọ́ ojú, ó ń fi àtàǹpàkò pa á bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ó so. Mo dúró kó gbó, mo gé e, mo gbé e wá sí Ìkàrẹ́. Ìyá mi ní kí n gbé e sí ẹsẹ̀ òun. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀, ó ní kò ì tíì sanra tó ti àtijọ́ ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó sì rí ohun tí mo ti ń fi pamọ́. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Kò bá mi jà. Ó kàn ń yí etí ìró rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń tú u. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ó wá ní, "Ṣé iyọ̀ yẹn wà nínú òórùn rẹ̀ náà?"

Mo ronú dáadáa kí n tó dáhùn, bí ẹni tí wọ́n ń dán wò. "Rárá, Màmá. Bí nǹkan bá jó, kì í bá èéfín lọ. Inú eérú ló ń kù sí."

"Sun ún nígbà náà."

Mo gbé àdògán sí iwájú ilé, mo kó èédú sí i. Ìyá mi fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Nígbà tí ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí òórùn rẹ̀ gòkè, ó di ojú rẹ̀, ó ń fà á símú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó tún sọ ìtàn bí bàbá mi ṣe ru ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Ikun bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pòṣé. Ó ní òun rí i láti ọ̀nà jíjìn, erùpẹ̀ ń já bọ́ sí i léjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ha ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi epo àti iyọ̀ sí i, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Mo fẹ́ gbé e kúrò níwájú rẹ̀.

"Jẹ ẹ́," ni ìyá mi wí. "Kí n máa wò ọ́."

Mo jẹ ẹ́. Omijé àti epo ń dà pọ̀ ní àgbọ̀n mi. Ó bi mí bóyá ó dùn, mo ní ó dùn. Ó bi mí bóyá ó dùn bíi ti àtijọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣa àwọn ibi tó jó tí mo ha kúrò, èyí tó máa ń jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó gbóòórùn wọn, ó sì da gbogbo wọn padà sínú iná. Ó ní kí n má da eérú yẹn nù.

Nígbà ọyẹ́ ni ìyá mi lọ, lójú oorun. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń pa òwe kan náà: bí iná bá kú, á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń bínú sí wọn nínú. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sùn kó jí kó di ìyá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé eérú wá.

Èmi ni mò ń gbé e báyìí. Mo ti lé adìẹ kúrò nínú ilé ìdáná. Bí mo bá lọ sí Òkà lópin ọ̀sẹ̀, igi ni mo fi ń dáná nínú ààrò ìyá mi, kí n lè rí eérú kó láàárọ̀, èéfín á sì ta mí lójú bó ṣe ń ta á. Ní àìpẹ́ yìí, èyí tó tẹ̀lé èyí tí a gé so, èso rẹ̀ sì sanra bíi ti àtijọ́. Mo sun ọ̀kan lórí ẹyín iná ní ìrọ̀lẹ́. Mo ha ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi epo àti iyọ̀ sí i, mo gbé àwo náà lé itan, mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Ó ti tutù pátápátá kí n tó mọ̀ pé mò ń dúró kí ẹnì kan ní kí n jẹ ẹ́.